Rédíò ní ọ̀wọ́n ọjà ti já wálẹ̀, kí ló dé tí owó ìyá yìí ò tó gàrí rà?

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adó-Èkìtì níbí. Ibẹ̀ la ti ń tẹ̀wé, ibẹ̀ la ti ń ṣe fótókópì, tí a tún ń bá èèyàn tẹ NIN jáde ká fi náílọ́ọ̀nù bò ó, mo wá fi POS kún un torí iṣẹ́ ìwé nìkan ò gbé bùkátà mọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi jù ni àwọn àgbàlagbà, torí àwọn ọmọ wọn ò sí nílé, wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n wà l'Ábújá, àwọn kan ti gba òkè òkun lọ. Tí fóònù bá ti dún báyìí, wọ́n á rọra gbé e wá, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ṣé owó ni àbí àwọn tó ń ta káàdì yẹn náà ni?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń ta káàdì náà ni.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 2025, ìyá kan tí wọ́n ń gbé lẹ́yìnkùlé wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìròyìn ń lọ lórí rédíò, rédíò ní ọ̀wọ́n ọjà ti já láti 34.80 sí 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá yí ojú sí mi, wọ́n ní, "Ọjà wo ni rédíò ń wí? Ṣé Ọjà Ọba tí mo ti ń bọ̀ yìí náà ni?" Mi ò lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oníbàárà mẹ́ta lórí ìdúró. Látìgbà yẹn, ó tó èèyàn mélòó kan tó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà, pé ìjọba ń fún wa lówó, ọjà ń wálẹ̀ lórí rédíò, kí ló wá dé tí ebi ṣì ń pa wá? Ni mo ṣe ní kí n jókòó kí n kọ ọ́, díẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí rédíò yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà kà yìí, kì í ṣe iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà ni o, bí iye náà ṣe ń sáré tó ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan méjèèjì. Ọlọ́kadà tó gbéra l'Ádó tó dojú kọ Ìkẹ́rẹ́, tó ń sá ọgọ́rin, tó bá wá dín eré kù sí ogójì, ṣé ó ti ń padà bọ̀ l'Ádó nìyẹn? Rárá, Ìkẹ́rẹ́ náà ló ṣì ń lọ, ó kàn ń rọra lọ ni. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ 1,000 náírà lọ́dún kan (mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà lórí iye), lọ́dún kejì ó di 1,350, ìyẹn ni pé owó ẹ̀ fi 35 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Lọ́dún kẹta ó tún di 1,620. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi gorí 1,350, torí náà rédíò á ní ọ̀wọ́n ọjà ti já láti 35 sí 20, òótọ́ sì ni rédíò sọ, kò parọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san 1,000 tẹ́lẹ̀, 1,620 ló máa san báyìí, tí iye tó ń wọlé fún un ò bá sì yí padà, owó tó ń ra odindi kóńgò tẹ́lẹ̀, kò ní fi púpọ̀ ju ìdajì kóńgò lọ mọ́. Kí gàrí tó lè padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, àfi kí nọ́ńbà yẹn lọ sísàlẹ̀ òdo, kí ọjà máa fi ẹ̀yìn rìn. Ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n.

Ìyẹn nìkan kọ́. Eléyìí tó já lẹ́ẹ̀kan náà láti 34.80 ní December 2024 sí 24.48 ní January 2025, ọjà kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àjọ NBS, àwọn tó ń ka iye nǹkan kiri ọjà fún ìjọba àpapọ̀, ló yí òṣùwọ̀n padà. Tẹ́lẹ̀, iye tí nǹkan jẹ́ lọ́dún 2009 ni wọ́n ń fi wé, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n gbé e wá sí 2024. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́, torí ohun tí à ń náwó lé ní 2009 kọ́ là ń náwó lé lónìí, ẹ wo owó dátà nìkan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi kóńgò àtijọ́ wọn gàrí, tí ẹ wá ra kóńgò tuntun tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí gàrí tó jẹ́ kóńgò mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ wá jẹ́ méje, ẹ ò ní lọ máa pariwo pé wọ́n jí kóńgò mẹ́ta nínú ẹ̀. Gàrí náà ni, kóńgò ló yí padà. Ohun tó yẹ kí rédíò ṣàlàyé nìyẹn kí wọ́n tó sọ pé ó já, wọn ò ṣe é, ni àwọn èèyàn wa bá ń rò pé bóyá àwọn nìkan ni ọjà ò já fún.

Lẹ́yìn ìyẹn, òótọ́ ni pé eré yẹn ń dín kù, ní September 2025 ó ti di 18.02. Mi ò ní sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ eléyìí, torí òun gan-an ló kan tálákà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kà yẹn, àpapọ̀ gbogbo nǹkan ni: oúnjẹ, ilé, ọkọ̀, aṣọ, ilé ìwé, ilé ìtura, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n pò pọ̀. Nínú òṣùwọ̀n àtijọ́, oúnjẹ kó ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì, nínú tuntun ó di nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí NBS fúnra wọn wo bí àwọn ìdílé ṣe ń náwó ní 2019, nínú gbogbo 100 náírà tí ìdílé ń ná ní Nàìjíríà, nǹkan bí 57 ló ń bá oúnjẹ lọ, àpapọ̀ olówó àti aláìní sì nìyẹn o. Ti ìyá orí bẹ́ǹṣì mi wá ńkọ́? Wọn ò sanwó ilé, ilé ọkọ wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n wà, wọn ò ra aṣọ láti bí ọdún mélòó kan, wọn ò ní mọ́tò. Gàrí, ẹ̀wà, epo pupa, iṣu ìgbà míì, ata, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó kẹ̀kẹ́ lọ sọ́sibítù, ó tán. Tí ata àti oògùn bá fò sókè, kò sí owó ilé ìtura tó wálẹ̀ tó máa bá wọn dín in kù. Torí náà, tí ẹnì kan bá ní 18, ti ìyá lè jẹ́ 30, kò sì sí ẹni tó ń ka nọ́ńbà tiwọn lórí rédíò.

Kí n má ba à dà bí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀rọ̀, lóòótọ́ nínú 2025 àwọn oúnjẹ kan wálẹ̀ ní tòótọ́, ẹ̀wà wálẹ̀, gàrí wálẹ̀, ìrẹsì náà wálẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà l'Ékìtì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tálákà tá à ń sọ yìí, àgbẹ̀ ni wọ́n. Bàbá tó gbin ẹ̀gẹ́ sí ọ̀nà Ìjàn, tó fi owó gọbọi ra oògùn apakoríko, tó san owó lébírà tó ga, tó wá gbé gàrí dé ọjà tí iye ẹ̀ ti já, owó tó ná lé e lórí kò já pẹ̀lú gàrí. Ẹni tó ń rà ń yọ̀, ẹni tó gbìn ín ń sunkún, nígbà míì ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bàbá ń ta gàrí ní pọ́ọ́kú, ìyá ń ra oògùn ní ọ̀wọ́n. Ohun tí wọ́n kì í sọ nìyẹn tí wọ́n bá ní oúnjẹ ti wálẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 29 May 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu gba ìjọba, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 di ohun tó lé ní 500 lójú ẹsẹ̀, ó dé 617 ní July, ó sì lé ní 1,000 kí 2024 tó parí. Ní June 2023 kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ, dọ́là tó jẹ́ 470 ní báǹkì ré kọjá 1,500 kí ó tó di ọdún kan. Ní April 2024 wọ́n tún fi owó iná kún ti àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti 68 náírà sí 225 fún yúníìtì kan. Àwa l'Ékìtì ò ní rélùwéè, gbogbo tòmátò, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, orí tírélà ni wọ́n ń gùn wá, torí náà epo tó bá wọ́n l'Ábújá, inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ló ń já sí.

Wàyí o, ká wá bọ́ sórí owó tí ìjọba ń fún àwọn aláìní fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró pẹ́ sí.

Ìpínlẹ̀ wa yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú nípa àwọn àgbà ní Nàìjíríà. Ní 2011, ìjọba Gómìnà Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí owó arúgbó. Ó kan àwọn tó lé ní 20,000. Ó ṣe nǹkan o, n ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wo ìyẹn. Mo mọ ìyá tó fi ń ṣe àjọ, mo mọ bàbá tó fi ń ra oògùn ojú. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Ẹ rántí pé ìyá ò darúgbó kéré sí i lọ́dún yẹn, wọ́n tiẹ̀ tún fi ọdún mẹ́ta dàgbà sí i ni.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ojú ọjà wo 5,000 yẹn. Ní 2011 dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 155 náírà, torí náà 5,000 lé díẹ̀ ní dọ́là 30. Ní 2025 tí dọ́là ń yí ká 1,500, 5,000 kan náà kò ju dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ìyá ò fi dọ́là ra gàrí, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń lò ti òkè òkun wá, ọkọ̀ tó gbé iṣu wá ń mu epo, epo sì ń tẹ̀lé dọ́là. Nọ́ńbà tó wà lára owó ò yí padà, 5,000 ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ inú ẹ̀ ti ṣófo.

Ti ìjọba àpapọ̀ náà, bákan náà ni. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fún àwọn ìdílé aláìní ní 5,000 lóṣù, wọ́n sábà máa ń san oṣù méjì pọ̀ ní 10,000, bẹ́ẹ̀ náà ló sì dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí gbogbo nǹkan ń gòkè. Lẹ́yìn tí owó orí epo lọ, ní July 2023 wọ́n ní àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 12 ní 8,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, àwọn èèyàn bínú pé kí lèèyàn fẹ́ fi 8,000 ṣe, wọ́n dá a dúró láti tún un wò. Nígbà tó di 17 October 2023, wọ́n ṣí ètò 25,000 lóṣù fún ìdílé mílíọ̀nù 15, fún oṣù mẹ́ta. Ó dún dáadáa létí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀ o: 25,000 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 75,000. Tí ẹ bá pín in sórí oṣù méjìlá, torí ebi ò ní dúró lẹ́yìn oṣù kẹta, ó jẹ́ 6,250 lóṣù. Tí èèyàn márùn-ún bá wà nínú ilé náà, ó jẹ́ 1,250 fún ẹnì kan lóṣù. Fún ọjọ́ kan, ó lé díẹ̀ ní 40 náírà. Piọ wọ́tà kan lẹ ń sọ yẹn, bóyá ó tiẹ̀ lè má tó o mọ́. Àwọn tó rí i gbà lásìkò nìyẹn sì tún ni, torí ní January 2024 ìjọba dá ètò náà dúró láti yẹ ìwé ẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ tó gba tàkọ́kọ́ jókòó de tẹ̀lé e fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí tí mo fi ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí ni pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé tálákà ò mọ owó ná, pé ìjọba fún wọn lówó wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an. Kí lèèyàn fẹ́ fi 40 náírà lójúmọ́ tọ́jú pamọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n kọ iye kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò sì kọ ọ́ pé tí ọjà bá gbéra, kí iye náà gbéra tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba wọn máa ń gòkè lọ́dọọdún, bí ọjà bá ṣe gbéra tó, tàbí bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gbéra tó, tàbí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń lò. Ẹ má ní wọ́n lówó jù wá lọ. South Africa tó wà nílẹ̀ Áfíríkà níbí náà, ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún owó àgbà. Ó lè má pọ̀, àwọn èèyàn wọn náà ń ráhùn pé kò tó, àmọ́ ó ń rìn. Tiwa ṣe ló dúró, ọjà wá rìn kọjá lára ẹ̀.

Owó oṣù tó kéré jù náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kí n kàn fọwọ́ bà á: 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, 70,000 ní July 2024. Tí ẹ bá kàn wo nọ́ńbà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po mẹ́rin ga. Tí ẹ bá fi dọ́là wò ó, 18,000 ìgbà yẹn lé ní dọ́là 110, 70,000 yìí kò tó 50 nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun rere kan tó wà níbẹ̀ ni pé òfin tuntun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin yẹn ò mú ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ọmọ tó ń fọ abọ́ ní búkà oníyán, kò kàn án.

Àwọn tó fẹ̀yìn tì, àwọn tíṣà wa pàápàá tó kún gbogbo ilé l'Ékìtì, òfin Nàìjíríà dáàbò bò wọ́n ju àwọn tó kù lọ lórí ìwé. Abala 210 nínú ìwé òfin sọ pé lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n wò, tàbí ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Abala 173 sọ ohun kan náà fún àwọn ti ìjọba àpapọ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi fi 32,000 kún ti àwọn tó wà lábẹ́ ètò pẹ́ńṣọ̀n àtijọ́ tiwọn láti July 2024. Torí náà tí bàbá yín tó jẹ́ tíṣà bá ń bèèrè àfikún, kì í ṣe ojúkòkòrò, òfin ló wà lẹ́yìn wọn.

Ìyá tó ń ta ata ńkọ́? Ibí yìí ló ti máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Abala 16 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé kí ìjọba rí i dájú pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ilé tó bójú mu, oúnjẹ tó péye, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, owó fún ẹni tí ò níṣẹ́, ìtọ́jú aláàbọ̀ ara. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ dúdú lórí funfun. Ẹ wá ṣí i padà sẹ́yìn díẹ̀, sí abala 6, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé kóòtù ò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí irú nǹkan wọ̀nyẹn. Ìyẹn ni pé ìjọba jẹ ìyá ní gbèsè, àmọ́ ìyá ò lè gbé gbèsè náà lọ sí kóòtù. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìjọba kan fi lè bẹ̀rẹ̀ owó arúgbó, tí ìjọba míì dé tó dá a dúró, tí ìyá kò sì ní ibi tí wọ́n máa gba lọ ju ilé lọ. Lójú tèmi, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ pé gómìnà èyí dáa gómìnà tọ̀hún ò dáa lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà, ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ilé aláìní sí, èyí tí wọ́n ń bi mí jù: "Kí ló dé tí wọ́n fún lágbájá tí wọn ò fún èmi?"

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọn kì í jókòó s'Ábújá kọ orúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wá sí àdúgbò, wọ́n á pe àwọn aráàlú jọ, àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n fẹnu ara wọn dárúkọ àwọn ilé tí ìyà ń jẹ jù. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á bèèrè pé páànù ni ẹ fi bo ilé àbí kí ni, ilẹ̀ yín jẹ́ sìmẹ́ńtì àbí erùpẹ̀, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo lẹ ní, ṣé ẹ ní rédíò, fóònù, ọ̀kadà, èèyàn mélòó ló wà nínú ilé. Kọ̀ǹpútà á wá fi ìdáhùn yẹn fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ fà yọ níbẹ̀. Ilé ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí náà tí orúkọ ọmọ yín bá ti wà níbẹ̀ tí ẹ jọ ń gbé, ẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Èkejì, ilé ni kọ̀ǹpútà ń rí, kì í rí inú ìkòkò, ìyá tí ọkọ wọn kọ́ ilé aláràbarà sílẹ̀ ní 1978 á yege bí olówó níwájú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹun. Ẹ̀kẹta, kí orúkọ wà lórí rẹ́jísítà kò túmọ̀ sí pé àláàtì ń bọ̀, rẹ́jísítà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣa èèyàn fún ètò kan tàbí òmíràn, wọ́n lè máà ṣa yín ní tiyín.

NIN ló wá di ẹnu ọ̀nà báyìí. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ìwé ètò yẹn wò ní 2024, wọ́n ní àfi ẹni tó bá ní NIN àti àkáǹtì tí orúkọ méjèèjì bá ara mu. Mo gbà pé ó dáa láti fi dènà olè. Àmọ́ ẹ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ kan kí ẹ rí i. Bàbá tó ti fi ọkọ́ ro oko fún 50 ọdún, ìlà ìka wọn ti para rẹ́, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan kà. Ìyá tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló wà ní báǹkì, orúkọ bàbá wọn ló wà nínú NIN. Àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, òun ló burú jù.

Ìyá orí bẹ́ǹṣì mi yìí, NIN wọn ní wọ́n bí wọn ní 1962. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọmọkùnrin tó tẹ̀ ẹ́ wo ojú àwọn, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣì le o," ó sì tẹ ohun tó tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá ò mọ ọjọ́ ìbí, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ọdún wẹ́tíẹ̀ ni àwọn bí àkọ́bí àwọn, pé ọmọ náà wà lẹ́yìn àwọn nígbà tí wọ́n ń sun ilé àwọn olóṣèlú. Wẹ́tíẹ̀, 1965 ni. Lójú ìwé, ìyá bímọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní tòótọ́ wọ́n á ti tó 80, lójú kọ̀ǹpútà ní 2025, 63 ni wọ́n, ètò tó bá sì ní ọmọ ọdún 65 ni kó wá, kò kàn wọ́n. Owó tí ìjọba gbé lé àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN, láti 2025 ó ti di 28,574 náírà, ó ju 25,000 tí wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ dákun, ẹni tó bá wà ní ipò láti sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n á ti gbọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ pé kí wọ́n dá owó àtúnṣe yẹn sí fún àwọn tó ti dàgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí nílé, ẹ bá wọn ṣe nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó kéde òmíràn. Ẹ wo NIN wọn àti orúkọ báǹkì, lẹ́tà kan tó yàtọ̀ ti tó láti gbé owó dúró. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà. Tí wọ́n bá ní àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, kí ìyá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin yẹn, kí wọ́n má fi ìtìjú jókòó sílé, torí àwa ará Èkìtì, a máa ń tijú láti sọ pé ebi ń pa wá. Ọ̀fẹ́ ni kíkọ orúkọ, ẹni tó bá gba 500 lọ́wọ́ yín kó tó kọ yín, ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀ kí ẹ lọ fi sun ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn líǹkì tó ń rìn kiri lórí WhatsApp pé ẹ tẹ ibí kí ẹ gba owó Tinubu, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ATM òbí yín. Tí wọ́n bá sì kéde owó tuntun lórí rédíò, ẹ má kàn bèèrè eélòó. Ẹ bèèrè oṣù mélòó, ẹ bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa fi kún un tí ọjà bá gbéra.

Ti ìyá, a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Àkọ́bí wọn tó wà ní Akúrẹ́ ló wá káàdì ìrìbọmi ẹ̀ rí nínú àpótí, December 1965 ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìyá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bí i. Mo ti ṣe é ní fótókópì mẹ́ta, mi ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá, ọ̀kan wà nínú fáìlì tí a máa gbé lọ, ẹ̀kẹta wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.